Okùn Ọdún Àgbàdo

Nílé ìwé abúlé kan, bí àgbàdo oko ilé ìwé bá ti gbó, ọdún dé nìyẹn. Àwọn ọmọ àdúgbò Òkè á bá àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ fa okùn, àwọn tó bá borí ni yóò kọ́kọ́ jẹ àgbàdo tuntun.

Lọ́dún kan, ọmọ Òkè ń fà á lọ́wọ́, àfi bí àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ ṣe mọ̀ọ́mọ̀ ju okùn sílẹ̀. Gbogbo ọmọ Òkè bá fìdí jókòó sínú ẹrẹ̀. Àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ títí, àwọn ọmọ Òkè ò gbà.

Nígbà tí ọdún tún dé, Abídèmí, olórí àwọn ọmọ Òkè, gbá okùn mọ́ra.

"Mà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án o! A ò bá wọn fa nǹkan kan."

Ọ̀gá àgbà, Ìyáàfin Ògúnlànà, rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ẹ̀yin nìkan ẹ fà á. Ó yá!"

Wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n fà á tagbáratagbára bí ìṣe wọn. Kò kúkú sẹ́ni tó di ìdí kejì mú. Ni gbogbo wọn bá tún ṣubú sínú ẹrẹ̀ gbàì!

"Abídèmí, ta ló ju okùn sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí?"

"Kò sẹ́nìkan, mà."

"Ìyẹn náà ni mo rí. Bí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rẹ́ni bá ṣeré."

Abídèmí nu ẹrẹ̀ ojú, ó ju ìdí kejì okùn náà sí Mosúnmọ́lá, olórí àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀.

"Gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún jù ú sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa fọ aṣọ wa o!"