Bí Tíì Orí Òkè Ṣe Di Dúdú, Tó sì Ń Gbó, Tó Ń Dùn

Nígbà láéláé, nígbà tí Òjò ṣì máa ń dúró lójú ọ̀nà bá ẹranko sọ̀rọ̀, ewé tíì kì í pẹ́ láyé. Lórí àwọn òkè gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà, bí wọ́n bá já a tí wọn kò mu ún tán kí oṣù tó lé, a di pàǹtí. Ewúrẹ́ pàápàá kò ní í jẹ ẹ́.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Lìfẹ́n. Tíì ló ń já tà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, Ṣuẹ́mèi, ti lọ ilé ọkọ lẹ́yìn òkè ńlá méje, níbi tí yìnyín kì í ti í yọ́. Ogún ọdún ni wọn kò ti fojú kanra.

Lọ́jọ́ kan, èrò ọ̀nà kan jíṣẹ́ fún un: "Ara ẹ̀gbọ́n rẹ kò yá. Ó ní tíì ilé yín ló ń wu òun mu."

Ìrìn oṣù mẹ́ta ni. Lìfẹ́n mọ̀ pé ewé náà lè bàjẹ́ kó tó débẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè lọ lọ́wọ́ òfo. Ó fi ooru omi mú ewé náà rọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ pọ̀ pẹrẹsẹ kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọ inú rẹ̀, ó kó o sápò, ó dì í ru Ìbaaka rẹ̀.

Ìbaaka yìí lágbára, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn. Lórí òkè kejì, Òjò pàdé wọn.

"Ẹ kú ìrìn o," ni Òjò wí. "Ẹ yà sábẹ́ àpáta yẹn, mo fẹ́ kọjá."

Ìbaaka ju ìrù. "Ta ni yóò yà fún ọ? Omi lásánlàsàn! Ẹrù tí mo bá rù, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ kàn án."

"Pa ẹnu rẹ mọ́!" ni Lìfẹ́n wí. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ó ti bọ́.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ló fi rọ̀ lé wọn lórí.

Nígbà tí oòrùn yọ, Lìfẹ́n tú àpò. Ooru gbá a lójú. Ewé tútù yọ̀yọ̀ ti dúdú, ó ń gbóná bí irú tí wọ́n dé mọ́ inú igbá, òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti ilẹ̀ inú igbó. Lìfẹ́n bú sẹ́kún. Ó gbé àpò náà, ó fẹ́ dà á sí àfonífojì.

Ìbaaka tẹrí ba. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi, ẹ má dà á nù. Ẹnu mi ló bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n rù ú dé ibi tí mo gbà láti rù ú dé."

Lìfẹ́n tún àpò náà dì.

Nígbà tí wọ́n dé, Ṣuẹ́mèi wà ní ìdùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, orí rẹ̀ ti funfun.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú," ni Lìfẹ́n wí. "Tíì tí mo mú wá fún yín ti bàjẹ́."

"Ṣé láti ilé ni?"

"Láti ilé ni."

"Da omi gbígbóná lé e."

Omi náà pọ́n bí osùn. Ṣuẹ́mèi tọ́ ọ wò. Ó tún gbé ife sẹ́nu, kò sì gbé e kúrò títí ó fi gbẹ.

"Nígbà tí a wà lọ́mọge," ni ó wí, "tíì wa a máa korò, a máa ta ni lọ́fun. Àbúrò mi, eléyìí ti gbàgbé ìbínú rẹ̀."

Tíì náà kò wo àìsàn rẹ̀ sàn. Ṣùgbọ́n ó dìde jókòó, àwọn méjèèjì sì sọ̀rọ̀ títí omi ìkòkò fi tán. Èyí tó ṣẹ́ kù, wọ́n gbé e sí àjà. Lọ́dọọdún tí Lìfẹ́n bá padà wá, dídùn rẹ̀ a ju ti èṣí lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ìbaaka kì í ti í dá òjò lóhùn mọ́. Bó ti wù kó rọ̀ tó, a torí bọlẹ̀, a máa rìn lọ. Láti ọjọ́ náà sì ni àwọn ará òkè ilé Lìfẹ́n ti ń mọ̀ọ́mọ̀ wọ́n omi sí ewé tíì, tí wọ́n ń bò ó kó lè gbóná, kó lè dúdú, tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Bí ọmọdé bá béèrè pé ta ni wọ́n ń fi í pamọ́ dè, wọ́n á ní, "Ẹni tó ṣì wà lọ́nà ni."