Ìdí Tí Bọ́tìnì Kì í Fi Í Dúró Síbì Kan Náà Lórí Gbogbo Fóònù

Nígbà láéláé, tí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣì ń rákòrò, ọ̀rọ̀ àwọn aṣàwákiri máa ń bára mu. Aṣàwákiri ni àwọn tó ń ṣí ojú ewé fún wa lórí fóònù. Bí a bá ní kí wọ́n gbé nǹkan sí ìdajì àpótí, ibì kan náà ni gbogbo wọn ń gbé e sí, nítorí kò sí àpótí tí a kì í wọn gíga rẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá kan wà tó ń kọ ojú ewé, Dúródọlá lorúkọ rẹ̀. Ó kọ ọ̀kan tí àwọn aboyún yóò fi máa pe agbẹ̀bí. Àpótí wà níbẹ̀, Bọ́tìnì sì wà nínú Àpótí. Ẹni tó bá tẹ Bọ́tìnì, agbẹ̀bí yóò gbọ́.

Wọ̀bìà ni Àpótí yìí. Ọ̀rọ̀ ló ń jẹ.

"Ẹ má wọ̀n mí mọ́, mà," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n máa ga bí mo bá ṣe ń yó sí."

Dúródọlá rẹ́rìn-ín, ó gbà fún un. Ó wá sọ fún Bọ́tìnì pé, "Ọmọ mi, sọ̀ kalẹ̀ dé ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún gíga Àpótí. Ìdajì nìyẹn. Ibẹ̀ ni kí o dúró."

Ó fi iṣẹ́ náà rán Arìnnàkore, aṣàwákiri tó dàgbà jù, àti Jẹ́jẹ́ àbúrò rẹ̀. Ó fún olúkúlùkù ní ojú ewé tirẹ̀, pẹ̀lú Àpótí àti Bọ́tìnì tirẹ̀.

Jẹ́jẹ́ dúró kí Àpótí jẹun yó. Ó wá wọ̀n ọ́n, ó sì gbé Bọ́tìnì sí àárín.

Arìnnàkore ní tirẹ̀ kò dúró. Ó wo Àpótí lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, kò rí gíga kankan. Ìdajì kí ni kóun wá mú?

"Ẹ̀gbọ́n," ni Bọ́tìnì wí, "ẹ jẹ́ ká lọ béèrè lọ́wọ́ màmá. Abèèrè kì í ṣìnà."

"Èmi? Kí n lọ máa béèrè ìdajì bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi? Ojú á tì mí! Ohun tí kò ní gíga kò ní ìdajì."

Ó fi Bọ́tìnì sílẹ̀ lókè pátápátá. Nígbà tí Àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, àkọlé gbàǹgbà kan wá jókòó lé Bọ́tìnì lórí.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan ń rọbí. Ọkọ rẹ̀, Olúmúyìwá, ṣí ojú ewé náà lọ́dọ̀ Arìnnàkore. Ó wá Bọ́tìnì títí, kò rí i. Bọ́tìnì ń ké lábẹ́ àkọlé pé, "Èmi rèé o! Ẹ tẹ̀ mí!" Ta ni yóò gbọ́?

Olúmúyìwá gbé ìyàwó rẹ̀ sórí ọ̀kadà, ó ń wá agbẹ̀bí lọ. Ẹ̀gbẹ́ títì lobìnrin náà bímọ sí, lójú gbogbo èrò. Ọlọ́run ló yọ ìyá àti ọmọ. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Abíọ́nà.

Dúródọlá pe àwọn aṣàwákiri méjèèjì síwájú ìyá náà àti ọmọ rẹ̀.

"Èmi náà jẹ̀bi," ló wí. "Mi ò wọn Àpótí. Ṣùgbọ́n ìwọ Arìnnàkore, kí ló dé tó ò béèrè?"

"Ojú ló tì mí, mà."

"Nísinsìnyí ńkọ́?"

Omi bọ́ lójú Arìnnàkore. Kò lè gbójú sókè wo ọmọ tuntun náà. Jẹ́jẹ́ ní kó wá kí òun fi bí òun ṣe ń wọn Àpótí hàn án, ṣùgbọ́n ojú tún tì í láti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àbúrò.

Láti ọjọ́ náà ni ìdajì ti yàtọ̀ lọ́dọ̀ aṣàwákiri kan sí òmíràn. Láti ọjọ́ náà ni ẹni tó bá kọ ojú ewé ti ń ṣí i wò lọ́dọ̀ gbogbo wọn kó tó gbé e fún aráyé. Tí Arìnnàkore bá sì tún pàdé àpótí tí kò ní gíga, á dorí kodò, á fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lókè, á sì gba ẹ̀yìn yọ́ lọ láìbéèrè.