Owó Òde Ọ̀kùn

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ó já wìì, ó já lu Ọ̀kùn ẹlẹ́sẹ̀ rẹpẹtẹ.

Ìgbìmọ̀ ẹranko jókòó kí ọrọ̀ ajé igbó lè búrẹ́kẹ́. Níjọ́ kìíní, wọ́n ní ọ̀nà ni àwọn yóò kọ́kọ́ tún ṣe. Níjọ́ kejì, wọ́n tún àga ara wọn ṣe. Níjọ́ kẹta, Ejò, olórí wọn, ní:

"Ẹsẹ̀ ló ń ba ọ̀nà jẹ́. Ẹsẹ̀ kan, olú jíjẹ kan lówó òde."

Ọ̀kùn tó ń jìn sí kòtò lójoojúmọ́ ló kọ́kọ́ kígbe pé, "Ó dáa bẹ́ẹ̀!" Kò ka ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ẹ gbè é, ẹ̀yin ọmọ:
Ejò ò lẹ́sẹ̀ o,
*Ọ̀kùn ló ń san.*
Erin fọ́nà tán,
*Ọ̀kùn ló ń san.*

Ọ̀nà ṣì wà bẹ́ẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ọ̀kùn lónìí, yóò ká kò. Ó rò pé agbowó òde tún ti dé ni.