Apẹja Mẹ́sàn-án Tó Wà Nínú Ìwé

Akọ̀wé Látúnjí, kí o tó gbé ìwé ohun tí ẹgbẹ́ ọlọ́jà wa ń bèèrè lọ bá alága káńsù lọ́la, ọkùnrin kan wà tí mo fẹ́ kí o mọ̀. Mínísítà ni, ní ìlú òyìnbó kékeré kan tó tutù. Ìlú náà kéré débi pé bí wọ́n bá ya àwòrán ayé sórí pépà, àtàǹpàkò rẹ á bò ó mọ́lẹ̀. Má bi mí ní orúkọ rẹ̀. Àkàwé ni mò ń pa, kì í ṣe ìròyìn.

Iṣẹ́ mínísítà yìí ni kó máa bá àwọn ìlú mìíràn sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe olè. Mo tètè sọ èyí nítorí pé bí ìtàn yìí bá dé ibì kan, wàá fẹ́ bú u. Èmi náà fẹ́ bú u, ṣùgbọ́n mi ò rí ibi tí màá ti dì í mú.

Ìlú kékeré kò lè jágbe mọ́ ìlú ńlá. Ẹnu dídùn àti ìwé ni gbogbo ohun tó ní. Nítorí náà, lọ́dọọdún, àwọn èèyàn ìlú yìí máa ń péjọ láti kọ ohun tí wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìlú yòókù. Ẹni tó ń ṣàánú yìnyín tó ń yọ́ á mú tirẹ̀ wá. Ẹni tó ń ṣàánú ẹyẹ òkun á mú tirẹ̀ wá. Olùkọ́ á mú tirẹ̀ wá, àgbẹ̀ náà á mú tirẹ̀ wá. Wọn ò fẹ́ ìjà, nítorí náà wọn kì í dá ti ẹnikẹ́ni padà. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ìwé náà di ohun mọ́kànlélógójì.

Wọ́n ní òfin kan lórí ìwé yìí. Láti òkè ni mínísítà gbọ́dọ̀ ti máa kà á bọ̀, kò sì gbọdọ̀ fo ọ̀kan. Mínísítà kan ti fo ọ̀kan rí. Àwọn tó ni èyí tó fò dìde, wọ́n ní ó tàbùkù àwọn, ìjọba sì wó lulẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún dán an wò.

Ní ọdún náà, apẹja mẹ́sàn-án wọ ọkọ̀ kan lọ sórí òkun. Kùrukùru bò wọ́n. Wọn ò mọ ìgbà tí wọ́n kọjá sínú omi ìlú ńlá kan tó múlé tì wọ́n. Àwọn ṣọ́jà orí omi mú wọn, wọ́n sì tì wọ́n mọ́ ilé kan létíkun tí kò sí iná tí èèyàn lè yá. Ìgbà òtútù sì ń bọ̀.

Ìyàwó ọ̀gá ọkọ̀ náà jẹ́ obìnrin tó ń so ẹja kọ́ sínú afẹ́fẹ́ títí á fi gbẹ, bíi pánla tí mò ń tà yìí. Kò mọ̀wé púpọ̀. Ó lọ sí ọ́fíìsì mínísítà. Mínísítà fún un ní àga, ó bu kọfí gbígbóná fún un, ó sì ṣí ìwé.

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀," ó ní. "Ọ̀rọ̀ yín wà nínú ìwé. Ẹ wò ó níbí: ìtọ́jú àwọn ọmọ ìlú wa tí wàhálà bá bá lókèèrè. Nọ́ńbà kẹtàlélógún ni. Mo sì ń lọ bá olórí ìlú ńlá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Obìnrin náà fi ìka kan ọ̀rọ̀ náà lórí pépà. Inú rẹ̀ dùn. Ó lọ bá àwọn ìyàwó mẹ́jọ yòókù, ó ní, "Ẹ nu ojú yín nù. A wà nínú ìwé."

Ibí yìí ló ti kọ́kọ́ rú mi lójú, Akọ̀wé. Mínísítà ò purọ́ fún un. Wọ́n wà nínú ìwé lóòótọ́.

Mínísítà lọ. Olórí ìlú ńlá fún un ní wákàtí kan. Wọ́n jókòó, olórí ní, "Ọ̀rẹ́ wa, kí lẹ bá wá?"

Mínísítà ṣí ìwé láti òkè. "Àkọ́kọ́ ni àlàáfíà fún gbogbo ayé."

"Àwa náà fẹ́ ẹ," ni olórí wí.

"Ìkejì, yìnyín tó ń yọ́."

"Ó ń bà wá nínú jẹ́."

"Ìkẹta, àga kan tí à ń wá nínú ìgbìmọ̀ ńlá àgbáyé."

"A ó dìbò fún yín."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a bọ̀. Gbogbo ohun tí mínísítà bá bèèrè ni olórí ń gbà, nítorí kò sí èyí tó máa mú nǹkan kúrò lápò rẹ̀. Ìkẹfà ni ẹyẹ òkun. Bí wọ́n ṣe parí ọ̀rọ̀ ẹyẹ òkun, wákàtí pé. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò.

Olórí sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró. Ó ní, "Ṣé kò sí nǹkan mìíràn tí ẹ fẹ́ bá mi sọ?"

Mínísítà wo ìwé. Ìkeje ni orin tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ìlú méjèèjì á jọ máa kọ. Ó pa ìwé dé. Ó ní, "Ó kù o, ṣùgbọ́n ẹ ti ṣe púpọ̀ lónìí. A ó bẹ̀rẹ̀ láti ìkeje nígbà mìíràn."

Rédíò sọ pé ìpàdé náà dùn, pé irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Obìnrin ẹlẹ́ja gbọ́. Òun àti àwọn ìyàwó mẹ́jọ gbé ẹ̀wù òtútù ọkọ wọn dání, wọ́n lọ dúró ní èbúté. Wọ́n dúró lọ́jọ́ kìíní. Wọ́n dúró lọ́jọ́ kejì. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó dé, ìwé ìròyìn ló kó wá, fọ́tò mínísítà ló wà lójú rẹ̀.

Obìnrin náà padà sí ọ́fíìsì. "Àwọn ọkọ wa dà?"

"Ìyá, iṣẹ́ ń lọ dáadáa. A ti dé orí ìkẹfà."

"Kí ni ìkẹfà?"

"Ẹyẹ òkun."

"Ẹyẹ òkun!" Obìnrin náà wo ìta láti ojú fèrèsé. Ẹyẹ òkun mẹ́ta bà sórí òrùlé ilé kejì, gbogbo wọn sanra. "Ṣé àwọn wọ̀nyí náà wà látìmọ́lé ni?"

Òṣìṣẹ́ kan tó ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu. Mínísítà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, bí mo bá fò láti ìkẹfà bọ́ sí ìkẹtàlélógún, àwọn mẹ́rìndínlógún tó wà láàárín á ní mo tàbùkù àwọn."

"Ìgbà wo lẹ ó wá dé orí ọkọ tèmi?"

Mínísítà fi ìka ṣírò. "Mẹ́fà mẹ́fà là ń kà. Ó ku ìpàdé mẹ́ta."

"Mélòó lẹ ń ṣe lọ́dún?"

"Méjì."

 Obìnrin náà wo mínísítà, ó rí i pé omi lé sí i lójú. Omi ojú yẹn ló dà á rú. Ká ní ọkùnrin náà lé e jáde ni, ìbá mọ ohun tí yóò ṣe. Èèyàn mọ bí a ṣe ń bá ẹni burúkú jà. Ẹni rere tó ń sunkún níwájú rẹ, ibo lo ti fẹ́ gbá a mú? Ó padà sílé, ó sì dúró fún ogójì ọjọ́, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ṣáà wà nínú ìwé. Ogójì ọjọ́! Ká ní ọkọ tèmi ṣeé gbà padà níbi tó lọ, mi ò ní fi ọjọ́ kan dúró. Òtútù dé láàárín ogójì ọjọ́ náà. Omi òkun bẹ̀rẹ̀ sí í dì létí.

Nígbà tó di ọjọ́ kọkànlélógójì, ó ká ẹ̀wù òtútù ọkọ rẹ̀ sábẹ́ apá, ó lọ sí ilé tí aṣojú ìlú ńlá ń gbé. Ọlọ́pàá dá a dúró lẹ́nu géètì.

"Ìwé yín dà, Ìyá?"

"Mi ò ní ìwé."

"Kí wá lẹ mú dání?"

"Ẹ̀wù ọkọ mi."

Ọlọ́pàá ò mọ ohun tí òun máa kọ sínú ìwé àwọn àlejò. Ó lọ pe aṣojú. Aṣojú jáde, ó ní, "Ìyá, kí lẹ fẹ́?"

"Ọkọ mi."

"Kí ló tún kù?"

"Àwọn mẹ́jọ tó bá a lọ."

"Kí ló tún kù?"

"Kò kù."

Ẹnu ya aṣojú. Ó ní, "Ìyá, olórí wa ti fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ wọn kí mínísítà yín tó dé. Inú àpò ẹ̀wù rẹ̀ ló wà ní gbogbo wákàtí yẹn. Ó ń retí kí mínísítà bèèrè, kó lè fi ta á lọ́rẹ. Ó bi í títí dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí kò bèèrè, a rò pé ọ̀daràn ni wọ́n nílùú yín, pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n padà wá."

Ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ kó àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán dé. Òtútù ti jẹ ìka mẹ́rin lọ́wọ́ ọ̀tún ọ̀gá ọkọ̀. Àtàǹpàkò nìkan ló ṣẹ́kù. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ wọ ẹ̀wù fún un, ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ dì kò gba inú apá ẹ̀wù kọjá. Ọkọ bi í pé, "Kí ló fà á tó fi pẹ́ tó báyìí?"

Obìnrin náà la ẹnu. Ohun kan ṣoṣo tó rí sọ ni, "Ẹ wà nínú ìwé."

Kò parí síbẹ̀ o. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mínísítà sunkún níwájú gbogbo ìpàdé, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ àwọn tó wà látìmọ́lé sókè, ó di ìkínní. Ọdún yẹn gan-an ni ìlú ńlá ní òun ò ra ẹja wọn mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹja títà sì wà ní ìkọkàndínlógún. Mínísítà dé ọ̀dọ̀ olórí, olórí ní kí lẹ bá wá. Mínísítà ṣí ìwé láti òkè, ó dìde dúró, ó fọwọ́ lé àyà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá àwọn apẹja wa sílẹ̀."

Olórí wo akọ̀wé rẹ̀. Akọ̀wé náà wo olórí. Olórí wá ní, "Apẹja wo? Ṣebí wọ́n ti wà nílé wọn."

Ta ló jẹ̀bi, Akọ̀wé? Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, ó rú mi lójú. Àwọn tó kọ ìwé ò ṣèkà. Ẹyẹ òkun ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Olórí ìlú ńlá ni mo kọ́kọ́ fẹ́ dá lẹ́bi, àmọ́ èmi náà tí mò ń tajà, mi ò ní di pánla lé ẹni tí kò bèèrè pánla lọ́wọ́. Mi ò rí ẹni burúkú kan níbẹ̀. Ìka mẹ́rin ṣáà ti lọ. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n. Èmi ò tiẹ̀ mọ agbọ̀n tí à ń wí mọ́. Ọwọ́ ọkùnrin yẹn ni mò ń wò.

Ìwọ ni mò ń bá wí. Lánàá, nígbà tí o ka ìwé ẹgbẹ́ fún wa, ohun mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀. O kọ ọ́ dáadáa, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ìkẹta ni òrùlé ìsọ̀ àwa onípánla. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹni tó jókòó tì mí, mo ní, "A wà níbẹ̀!" Mo ti délé kí n tó rántí obìnrin ẹlẹ́ja.

Afárá onípákó tí a fi ń ru ẹrù gòkè láti ẹsẹ̀ odò, ìkọkànlá lo kọ ọ́ sí. Pákó mẹ́ta ti já níbẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, Ìyá Dúnmádé já bọ́ sódò tòun ti ẹrù orí rẹ̀, ìtan rẹ̀ kán, orí ẹní ló wà títí di òní. Ìyá tó bí ìyàwó rẹ ni. Mo sì mọ ìdí tí o fi kọ ọ́ sísàlẹ̀: o ò fẹ́ kí wọ́n ní ti ilé rẹ lo ń ṣe. Ẹni rere ni ọ́. Mínísítà náà, ẹni rere ni.

Òjò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. O mọ alága, kì í jókòó pẹ́. Á gbà fún ọ láti ìkínní dé ìkarùn-ún, á fi ẹ̀rín sí i, á ní kí wọ́n wá yà yín ní fọ́tò.

Mú bírò. Fa igi lé òrùlé onípánla. Èmi ni mo ní kí o fà á; bí inú bá bí àwọn onípánla, wọ́n mọ ilé mi. Fa igi lé ìyókù. Bí alága bá ní kí lo fẹ́, ní afárá. Bó bá ní kí ló tún kù, ní kò kù. Kí o wá pa ẹnu dé, kí o máa wò ó lójú títí yóò fi dáhùn.

Bí o bá sì ti ọ̀hún dé, tí o ní ẹ ti dé orí ìkarùn-ún, má wá rò ó fún mi. Lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ìyá ìyàwó rẹ, kí o bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí o sọ fún un pé ó wà nínú ìwé.