A Ò Tíì Dé Ìdí-Orógbó

Bí ẹnì kan bá ń yangàn lójú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílùú Ìdóòfà, àgbàlagbà kan á rọra dá a lóhùn pé: “Má fi ará wágùn ẹ̀yìn ṣẹ̀sín, a ò tíì dé Ìdí-Orógbó.” Àlejò tó bá gbọ́ ọ á fẹ́ mọ irú ibi tí Ìdí-Orógbó jẹ́. Bó bá sì débẹ̀, kò ní rí ju ahéré mẹ́fà, kànga kan àti òkè olókùúta kan lọ. Kò sí ọjà níbẹ̀, kò sí ọba. Kí ló wá wà níbẹ̀ tó fi yẹ kéèyàn débẹ̀ ná kó tó fi ọmọnìkejì rẹ̀ rẹ́rìn-ín? Bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ rèé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró amọ̀kòkò ń di ìkòkò aró kan fún ìrìn àjò. Ó fi koríko gbígbẹ yí i nídìí, ó fi òmíràn yí i lọ́rùn, ó wá fi okùn gbá gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ẹni ń gbá ọ̀já mọ́ ọmọ. Ó mì ín wò. Ohunkóhun kò yẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ ńlá lọjọ́ náà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí òjò bá ti dá, àwọn aláró ìlú Àgódó máa ń yan ẹni tí yóò mọ ìkòkò fún wọn títí di ọdún tó ń bọ̀. Wọn kì í ná ọjà, wọn kì í sì í wojú ẹnikẹ́ni. Ìkòkò tó bá kọ́kọ́ kanlẹ̀ ní agboolé wọn ni wọ́n máa ń pọnmi kún. Bí kò bá ti jò, ọ̀rọ̀ bùṣe: ẹni tó gbé e wá ló ni iṣẹ́ ọdún náà. Wọ́n ní aró tó ti rẹ kì í dúró de ìkòkò, pé ẹni tí kò bá lè tètè gbé ẹyọ kan dé, kò ní lè gbé ogún dé lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá ká wọn mọ́.

Ọdún mẹ́ta léraléra ni Ṣẹ̀gilọlá, ògbólógbòó amọ̀kòkò, ti gba iṣẹ́ náà. Ìkòkò Àwẹ̀ró dára ju tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìgbà gbogbo ló máa ń dé lẹ́yìn rẹ̀. Bí tọdún yìí bá tún bọ́, owó igi tó fi ń sun ìkòkò kò ní sí mọ́. Yóò fi amọ̀ sílẹ̀, yóò lọ máa pa èkùrọ́ lóko ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

Wágùn márùn-ún ni rélùwéè tó ń ná Ìdóòfà sí Àgódó ń fà. Pèpéle tí èrò ń sọ̀ sí ní Àgódó kúrú, wágùn mẹ́ta péré ló gbà. Ẹni tó bá wà nínú wágùn iwájú, ẹnu géètì ìjáde gan-an ló ń sọ̀ sí. Ará wágùn ẹ̀yìn ńkọ́? Inú koríko ló ń bẹ́ sí, yóò sì wọ́ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀ kó tó rí pèpéle. Ìdajì owó ni wọ́n fi ń wọ wágùn ẹ̀yìn nítorí ìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, omi gbé afárá tó wà lójú ọ̀nà tààrà lọ. Wọ́n kéde ní ìdíkọ̀ pé ọkọ̀ yóò yà gba Ìdí-Orógbó. Àwọn èrò gbọ́, wọ́n ní, “Kó ṣáà ti gbé wa dé.” Àmọ́ Àwẹ̀ró kì í gbọ́ nǹkan kó má wádìí rẹ̀. Ó gbé ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀, ó lọ bá Láníhùn, baba tó ń ju àsíá sí ọkọ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́, baba. Ìdí-Orógbó yìí, ṣé ó jìn ni?”

“Kò jìn. Ibẹ̀ ni irin tán sí ni.”

“Ó tán báwo?”

“Òkè ló dí i. Àwọn tó la irin náà gbẹ́ òkè títí ó fi sú wọn.”

“Ọkọ̀ á wá fo òkè náà ni?”

Láníhùn bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ obìnrin yìí, ìbéèrè rẹ pọ̀ ju èrò ọkọ̀ lọ! Tí a bá débẹ̀, ẹ́ńjìnnì á já ara rẹ̀ gbà kúrò níwájú, á gba irin ẹ̀gbẹ́ padà sẹ́yìn, wọ́n á so ó mọ́ ìdí ọkọ̀. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ni ọ̀nà Àgódó ti yà.”

Àwẹ̀ró lóṣòó. Ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ márùn-ún, ó tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn bíi wágùn, ó fi èkùrọ́ kan síwájú wọn bí ẹ́ńjìnnì. Ó tì wọ́n lọ títí wọ́n fi kan ẹsẹ̀ rẹ̀, èyí tó fi ṣe òkè. Ó mú èkùrọ́ náà, ó gbé e gba ẹ̀gbẹ́ lọ sẹ́yìn, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa gbogbo rẹ̀ padà. Òkúta karùn-ún ló ń tẹ̀ lé èkùrọ́ báyìí. Ti àkọ́kọ́ ti di ìkẹyìn.

“Baba, ẹ wò ó. Ṣé bó ṣe rí nìyí?”

Láníhùn bẹ̀rẹ̀ wò ó. “Láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ju àsíá, n ò rí ẹni tó wa rélùwéè lórí ilẹ̀ rí. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn.”

Àwẹ̀ró dìde, ó gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀ nù, ó lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì wágùn ẹ̀yìn.

Ṣẹ̀gilọlá ti jókòó síbi fèrèsé wágùn iwájú. Bó ṣe rí i tó ń kọjá, ó yọrí síta.

“Àwẹ̀ró! Wágùn ẹ̀yìn kẹ̀? Ṣé àwọn ọ̀yà inú koríko lo fẹ́ lọ ta ìkòkò fún ni?”

Gbogbo èrò wágùn náà bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ rọra, ìyá mi,” ni Àwẹ̀ró wí. “Ọ̀nà ṣì jìn.”

“Tìrẹ ló jìn! Tèmi kò ju ẹnu géètì lọ.”

Ọkọ̀ gbéra. Àwẹ̀ró fi itan méjèèjì há ìkòkò rẹ̀ mọ́ra. Bí baba yẹn bá ṣì í sọ ńkọ́? Nígbà tí wọ́n dé Ìdí-Orógbó, òkè dúró gbagidi níwájú lóòótọ́. Ó gbọ́ tí irin ń dún lọ́ọ̀ọ́kán, kò pẹ́, ẹ́ńjìnnì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rẹ̀, ó ń mí hẹ̀ẹ̀, ó ń lọ sẹ́yìn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó nà tọ̀ọ̀ láti wò ó.

Ohun kan wà tí òkúta àti èkùrọ́ kò sọ fún un. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe fẹ́ so mọ́ ọkọ̀, ó kọlu wágùn ẹ̀yìn, gbàgà! Ìkòkò fò kúrò láàárín itan rẹ̀. Àwẹ̀ró ju ara rẹ̀ sí i, ó gbá a mọ́ àyà, èjìká rẹ̀ sì lọ gbá bẹ́ǹṣì. Ó tẹ́tí sí ìkòkò náà. Kò gbọ́ nǹkan kan. Kò sì sí àyè láti tú koríko ara rẹ̀ wò.

Ní wágùn tó jẹ́ ti iwájú tẹ́lẹ̀, ariwo ta bí ọkọ̀ ṣe ń fi ìdí rìn.

“Gáàdì! Gáàdì o!” Ṣẹ̀gilọlá ń fọwọ́ gbá ara ọkọ̀. “Ẹ ń dá wa padà sílé! Ìdóòfà la ti ń bọ̀!”

“Ẹ jókòó, ìyá. Àgódó là ń lọ,” ni gáàdì ọkọ̀ dá a lóhùn.

“Ta ló ń fi ìdí lọ Àgódó?”

Ní Àgódó, wágùn Àwẹ̀ró ló dúró sẹ́nu géètì. Kò sáré. Ó gbé ìkòkò rù, ó rọra rìn dé agboolé àwọn aláró, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó sì tú koríko rẹ̀. Olórí aláró, ìyá arúgbó kan tí apá rẹ̀ dúdú láti ọmọ ìka dé ìgbọ̀nwọ́, ní kí wọ́n pọnmi sí i. Omi kún dé ẹnu. Ìyá náà fi àtẹ́lẹwọ́ ra ìdí ìkòkò yíká, ó gbé ọwọ́ sókè wò, ó tún rà á lẹ́ẹ̀kejì.

“Ó gbẹ,” ni ìyá wí. “Ìwọ la óò máa rí lọ́dún yìí.”

Omi ṣì wà nínú ìkòkò náà nígbà tí Ṣẹ̀gilọlá wọlé, tẹrẹ̀ tẹrẹ̀ dé orúnkún, tòun tèèmọ́ lára ìró. Ó wo ìkòkò, ó wo Àwẹ̀ró.

“Oògùn wo lo lò?”

“Mo bèèrè ọ̀nà ni, ìyá mi.”

Àwẹ̀ró ṣàlàyé òkè, irin ẹ̀gbẹ́ àti ẹ́ńjìnnì fún un. Ṣẹ̀gilọlá gbọ́ ọ tán, ó dojú ìkòkò tirẹ̀ dé, ó jókòó lé e lórí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ní ọjọ́ ọjà ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin kan ní ìdíkọ̀ ń fi obìnrin kan tó ń wọ wágùn ẹ̀yìn ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣẹ̀gilọlá ló kọ́kọ́ dá a lẹ́kun: “Ọmọ mi, pa ẹnu rẹ mọ́. Má fi ará wágùn ẹ̀yìn ṣẹ̀sín, a ò tíì dé Ìdí-Orógbó.” Àwọn tó gbọ́ ọ gbé e lọ sílé, wọ́n gbé e lọ sóko.

Wọ́n ti tún afárá ṣe láti ìgbà náà, rélùwéè kò sì gba Ìdí-Orógbó mọ́. Ogójì ìkòkò ni Àwẹ̀ró mọ fún àwọn aláró lọ́dún yẹn, ẹyọ kan kò jò nínú wọn, èéfín ibi tó ti ń sun ìkòkò kò sì dá láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dé ìgbà òjò. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò wọ rélùwéè rí pàápàá ṣe mọ ohun tí àgbà ń wí, tí àgbà bá ní ká má fi ará wágùn ẹ̀yìn ṣẹ̀sín, pé a ò tíì dé Ìdí-Orógbó.