Òrùlé Ìdílé Mẹ́ta

Ọkùnrin kan wà tí òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé inú ilé gbọọrọ kan. Ìdílé mẹ́ta ni ó pín ilé náà gbé. Ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn baba wọn ti wá, ilà ojú wọn kò jọra, èdè wọn kò sì dún bákan náà, ṣùgbọ́n òrùlé kan ṣoṣo ni ó bo gbogbo wọn. Àárín gbùngbùn ilé ni yàrá ìyá náà wà. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ, kò lè dá dìde.

Ikán mú òrùlé. Láràárọ̀ ni ìyẹ̀fun igi ń dà sórí ẹní ìyá àgbà, ọmọ rẹ̀ ni ó ń gbá a. Nígbà tí òjò kù sí dẹ̀dẹ̀, gbogbo ilé pinnu láti yan ẹnì kan tí yóò tún òrùlé ṣe. Ẹni tí ọwọ́ bá nà sókè fún jù ni yóò gba iṣẹ́.

Gbẹ́nàgbẹ́nà méjì jáde. Ọ̀kan wá láti ìdílé tí ó wà ní ìpẹ̀kun ilé, àwọn tí wọ́n dé kẹ́yìn. Ó gbé àkàbà, ó gun àjà, ó ń fi òòlù kan igi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin wa yìí ni ó di àkàbà mú fún un. Nígbà tí ó kan igi tí ó wà lókè ẹní ìyá náà, ó ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, ọ̀bẹ wọlé dé èèkù. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, igi yìí ò ní í rí àárín òjò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé Màmá kúrò níbẹ̀ ná."

Ìkejì jẹ́ ọmọ ìdílé ọkùnrin wa gan-an. Òun kò gun ibì kankan. Ó jókòó sórí àga, ó ki àwọn àgbà rẹ̀ ní oríkì, ó bú àwọn ará ìpẹ̀kun ilé, inú wọn sì dùn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yàn, olórí ìdílé ọkùnrin wa pe àwọn ènìyàn rẹ̀ sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọmọ ẹni ò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀! Ta ló ń sọ ti ìlẹ̀kẹ̀? Òrùlé ni wọ́n fẹ́ tún ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tí ó rí ọ̀bẹ pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ na ọwọ́ sókè fún ọmọ ìdílé rẹ̀. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni ẹni náà fi borí.

Ìyá rẹ̀ bi í pé, "Èwo nínú wọn ló gun òkè?"

Ó ní, "Màmá, tiwa ló wọlé."

Ìyá ní, "Mi ò bi ọ́ léèrè tiwa."

Tiwa gba iṣẹ́. Ó kun páànù ní ọ̀dà pupa, ó dùn ún wò láti ìta. Kò pààrọ̀ igi kan. Ọkùnrin náà fẹ́ gbé ìyá rẹ̀ lọ sí yàrá mìíràn, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ìdílé rẹ̀ ní bí ó bá gbé e, àwọn ará ìpẹ̀kun ilé yóò mọ̀ pé a kò fọkàn tán ọmọ wa. Ó fi í sílẹ̀. Òjò kẹta ni igi já. Ìyá kò lè sá.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó lọ bá gbẹ́nàgbẹ́nà tiwa náà, ó ń pariwo bi í léèrè ìdí tí kò fi pààrọ̀ igi. Ẹni yẹn fà á sẹ́yìn ilé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn yẹn máa fi wá rẹ́rìn-ín ni?" Ọkùnrin náà bá padà sílé.

Ọdún yí po, wọ́n tún fẹ́ yan ẹni tí yóò ṣe òrùlé. Àwọn méjì yẹn náà ni wọ́n tún jáde. Ọkùnrin náà na ọwọ́ sókè fún tiwa.

Ìwọ tí o wá bá mi lórí ọ̀rọ̀ ìbò yìí, inú ń bí mi sí gbẹ́nàgbẹ́nà yẹn, ṣùgbọ́n ti ọkùnrin yẹn ló ń dùn mí dé egungun, nítorí pé ó mọ̀. Ìwọ náà mọ̀. Láti àárọ̀ ni o ti ń bi mí léèrè ìlú tí bàbá olùdíje kọ̀ọ̀kan ti wá, àti èdè tí ìyá rẹ̀ ń sọ. O kò bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ohun tí ó ti fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn o dìbò fún tìrẹ, o jó yí àdúgbò ká, ìyàwó rẹ sì bímọ sórí ilẹ̀ ní ilé ìwòsàn tí kò ní ibùsùn. Ta lo rò pé ó ń sùn lábẹ́ igi náà?

Káàdì ìdìbò rẹ nìyẹn lápò rẹ, n kò ní gbà á. Ṣùgbọ́n bí o bá tún tẹ̀ka fún tìrẹ nítorí ilà ojú rẹ̀ nìkan, má gbé ẹkún wá sẹ́nu ọ̀nà mi.