Adití Ló Gbọ́ Ohun Tí Ọkọ̀ Ń Wí

Bí àjèjì bá dé ìlú wa, Òkè-Ìrókò, tó gbọ́ tí àgbà ń sọ fún ọmọdé pé, "Adití ló gbọ́ ohun tí ọkọ̀ ń wí," ẹ̀rín ló máa ń rín. Á ní báwo ni adití ṣe máa gbọ́ ohun tí elétí ò gbọ́? Ẹ jẹ́ kó rín in tán. Ìlú wa ló ti ṣẹlẹ̀, àwa la sì ni òwe náà. Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò tó ń fi ṣe tiwọn kò tilẹ̀ mọ irú ọkọ̀ tó jẹ́.

Píjò ni. Píjò àtijọ́, aláwọ̀ eérú, ti Ìyá Agbẹ̀bí. Aboyún tí ọkọ̀ yẹn ti gbé dé ọsíbítù kò lóǹkà. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí gan-an, díẹ̀ ló kù kí wọ́n bí mi sínú rẹ̀.

Ọjọ́ kan ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Bó bá dúró, á máa gbọ̀n. Bó bá dé orí òkè, á fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ìyá Agbẹ̀bí gbé e lọ bá Kàmọ́rù, ọ̀gá àwọn mẹkáníìkì tó wà lábẹ́ igi àràbà. Kàmọ́rù mọṣẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àmọ́ ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Ó gbọ́ ìró ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, ó ní kabúrétọ̀ ni. Wọ́n pààrọ̀ kabúrétọ̀, ọkọ̀ ń wúkọ́. Ó ní páǹpù epo ni. Wọ́n pààrọ̀ ìyẹn náà, ọkọ̀ ń wúkọ́. Ó fi púlọ́ọ̀gì tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ṣì fi lélẹ̀.

"Màmá, ẹ́ńjìnnì yìí ti kú," Kàmọ́rù wí. "Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kalẹ̀, ká wá òmíràn."

Ọlọ́nàdé wà nítòsí, ó ń wo ẹnu wọn. Mẹkáníìkì lòun náà, òun àti Kàmọ́rù ni wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, àmọ́ lọ́dún tó ṣáájú, àìsàn kan gba etí rẹ̀ pátápátá. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Ẹnu èèyàn ló ń wò kó tó mọ ohun tí wọ́n wí. Ẹgbẹ́ mẹkáníìkì ti wá pinnu pé kó kó irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò lábẹ́ igi kí oṣù tó parí. Wọ́n ní etí la fi ń mọ àìsàn ọkọ̀, ẹni tí kò gbọ́ràn kàn máa bà wọ́n lórúkọ jẹ́ ni. Iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ọdún méjìlélógún! Ó dùn ún wọ akínyẹmí ara.

"Màmá," Ọlọ́nàdé wí, "ẹ jẹ́ kí n bi í léèrè kí wọ́n tó sin ín."

Àwọn ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Kàmọ́rù kọjú sí i kó lè rí ẹnu òun. "Bó bá wá dáhùn ńkọ́? Etí ta lo fẹ́ fi gbọ́?"

Ìyá Agbẹ̀bí ló dá a lóhùn. "Kàmọ́rù, fi í sílẹ̀. Ọmọ inú kì í sọ̀rọ̀, ọwọ́ la fi ń gbọ́ tiẹ̀."

Ni wọ́n bá ṣíná sí ọkọ̀. Ọlọ́nàdé tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì lé e lára, kò wo ẹnu ẹnikẹ́ni mọ́. Ó fi ẹ̀mú onírọ́bà yọ wáyà púlọ́ọ̀gì àkọ́kọ́. Gbígbọ̀n náà le sí i. Ó dá wáyà padà. Ó yọ ìkejì, ó tún le sí i. Ó dá a padà. Ó yọ ìkẹta. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ó dá a padà, ó yọ ìkẹrin, ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.

"Ìkẹta ni kò ṣiṣẹ́," ó wí. "Bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bá kúrò, ilé á mọ̀."

Kàmọ́rù ti nawọ́ sí púlọ́ọ̀gì ìkẹta. Ọlọ́nàdé gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò. "Tuntun ni o, ìwọ lo fi í síbẹ̀. Ṣe sùúrù."

Ó pa ọkọ̀. Ó tú wáyà ìkejì àti ìkẹta, ó gbé ti ìkejì sípò ìkẹta, ó gbé ti ìkẹta sípò ìkejì, ó sì ní kí wọ́n tún ṣíná. Nígbà tó yẹ̀ wọ́n wò, ìkẹta ti jí, ìkejì ló wá dákẹ́. Àìsàn ti bá wáyà lọ. Ó yọ wáyà náà, ó yí i padà: níbi tó ti fara ti irin gbígbóná lábẹ́, ó ti jó, ó ti là, iná sì ń gbabẹ̀ sá lọ. Ó wá àlòkù kan tó ṣì dára nínú àpótí rẹ̀, ó fi sí i.

Píjò dúró jẹ́ẹ́. N kò tíì dáyé nígbà náà, síbẹ̀ orí mi máa ń wú bí mo bá ti dé ibí yìí.

Ìyá Agbẹ̀bí fi í gun òkè, ó padà, kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo àwọn ọkùnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Nínú gbogbo yín," ó wí, "ta ni adití?"

Kàmọ́rù nu ọwọ́, ó lọ dúró síwájú Ọlọ́nàdé kó lè rí ẹnu òun dáadáa. "Má kó ohunkóhun. Ìdí iṣẹ́ rẹ nìyí, ẹnikẹ́ni ò ní lé ọ." Ó na ọwọ́ sí ọkọ̀. "Fi ibi tí mo ti máa gbọ́ ohun tó ń wí hàn mí."

Ọlọ́nàdé di ọwọ́ ọ̀gá mú, ó gbé e síbẹ̀.

Torí náà, bí o bá rí ẹni tó ń sáré pààrọ̀ ohun tí kò tíì yẹ̀ wò, sọ fún un pé sùúrù ló ń gbọ́ràn, etí kàn ń bá a ṣe é ni. Adití ló gbọ́ ohun tí ọkọ̀ ń wí. Ọmọ Òkè-Ìrókò sì ni adití ọ̀hún.